John White tó fi ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Roanoke: ṣé ẹ̀bi rẹ̀ ni, àbí wọ́n ti ba ibẹ̀ jẹ́ kó tó dé?

TísàÌtàn
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan wà tó ti ń jẹ mí lọ́kàn ọjọ́ pẹ́, mo fẹ́ ká jọ tú u wò níbí. John White lorúkọ ẹ̀, ará Ìlú Ọba ni, ayàwòrán ni, òun ni wọ́n fi ṣe gómìnà àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó lọ tẹ̀dó sí erékùṣù Roanoke ní 1587, ìyẹn ní North Carolina tòní ní Amẹ́ríkà. Tẹ́ ẹ bá ti dárúkọ Roanoke báyìí, ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ ni pé àwọn kan pòórá, ẹnikẹ́ni ò rí wọn mọ́, ó tán. Àwọn fídíò orí YouTube tiẹ̀ ti fi iwin àti ànjọ̀nú kún un. Inú mi kì í dùn sí i torí ó ń bo ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an mọ́lẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn sì wà nínú àkọsílẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sáré sọ ọ́. Ní 1584 Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní fún Walter Raleigh níwèé àṣẹ pé kó lọ wá ilẹ̀ sókè òkun kó sì fi èèyàn jókòó síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, Humphrey Gilbert, ló kọ́kọ́ ní irú ìwé yẹn, àmọ́ òkun gbé ìyẹn lọ ní 1583 nígbà tó ń bọ̀ láti Newfoundland. Raleigh rán ọkọ̀ méjì lọ wo ilẹ̀, wọ́n mú ọmọ onílẹ̀ méjì bọ̀ wá sí Ìlú Ọba, Manteo àti Wanchese. Ní 1585 ó wá rán ọkùnrin bíi 107, kò sí obìnrin kankan nínú wọn, sójà ló pọ̀ jù, Ralph Lane lolórí wọn. White bá wọn lọ, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa ya gbogbo ohun tó bá fojú rí. Kò pé ọdún kan tí gbogbo wọn fi sá padà sílé. Ní 1587 White wá kó ìdílé lọ, tọkọ taya tọmọ, wọ́n lé ní 110, obìnrin 17 wà níbẹ̀. Eleanor ọmọ ẹ̀ wà lára wọn pẹ̀lú oyún àti ọkọ ẹ̀ Ananias Dare. Ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ Eleanor bímọ obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Virginia. Ọjọ́ 27 oṣù yẹn kan náà, bàbá àgbà wọkọ̀ padà sí Ìlú Ọba láti lọ wá oúnjẹ àti èèyàn kún èèyàn. Ó di ọdún mẹ́ta kó tó débẹ̀ padà, kò sì bá ẹnì kankan.

Èrò tèmi ni pé White kọ́ ló ba ibẹ̀ jẹ́. Ralph Lane ló bà á jẹ́, àwọn olówó ọkọ̀ ló wá parí ẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Kọ́lá_Peckham
Ẹ kú iṣẹ́ o Tísà, àmọ́ mi ò bá yín lọ níbẹ̀ rárá. Ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án! Ara ìyá ọmọ ò tíì yá, ẹ wá ní gómìnà ìlú, tó tún jẹ́ bàbá àgbà ọmọ, kó ẹrù wọkọ̀ ó lọ. Wọn ò ní oúnjẹ tó máa gbé wọn la ìgbà òtútù já, àwọn tó yí wọn ká ò fẹ́ràn wọn, olórí wá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Olórí tó mọṣẹ́ á rán ẹlòmíì ni.

TísàÌtàn
@Kọ́lá_Peckham àbúrò mi, gbọ́ bó ṣe lọ. Raleigh fún White ní ìgbìmọ̀ èèyàn 12, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣètò ni pé kí méjì nínú àwọn ìgbìmọ̀ yẹn lọ. Gbogbo wọn kọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Christopher Cooper gbà, nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì máa fi mọ́ àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti yí i lọ́kàn padà. Ìgbà yẹn ni tọkùnrin tobìnrin kóra wọn jọ lọ bá White pé òun gan-an ni kó lọ. Ó kọ̀. Ó ní tóun bá fi lè padà báyìí àwọn ọ̀tá á ní òun kó èèyàn lọ síbi tóun fúnra òun ò ní lọ́kàn láti gbé, ó tún ní ẹrù òun á bàjẹ́ torí wọ́n ti ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé àwọn máa ṣí kúrò níbẹ̀ wọ inú ilẹ̀ lọ ní nǹkan bíi 50 máìlì. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ bẹ̀ ẹ́, wọ́n láwọn á bá a tọ́jú ẹrù ẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fóun. Wọ́n sì kọ ọ́ lóòótọ́, wọ́n fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ, pé àwọn làwọn fi dandan lé e pé kó lọ. Ọjọ́ kẹta ìyẹn ló wọkọ̀. Èyí ò jọ ẹni tó sá fún mi o.

Kọ́lá_Peckham
Ta ló wá kọ ìtàn tẹ́ ẹ ń sọ yìí? White náà ni. Ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn ló ń ṣe ẹlẹ́rìí ara ẹ̀ yẹn.

Ìyá_Ìbejì
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kémi náà sọ tèmi. Ẹni tí gbogbo ilé bá kóra jọ rán níṣẹ́ torí ebi, ṣé kò ní lọ ni? Bàbá mélòó ló ti fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ rìnrìn àjò torí àtijẹ àtimu tá ò pè é ní aláìníláárí, torí ẹ̀ mi ò ní dá bàbá yẹn lẹ́bi. Ohun tó ń dun èmi ni Eleanor. Ẹnu ẹ̀ ò hàn níbì kankan nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó gbé oyún sójú òkun fún oṣù méjì àti ààbọ̀, tó bímọ láàárín ẹni tí ò mọ̀ rí, bàbá ẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Tísà, ẹ tiẹ̀ sọ fún wa, kí ló dé tébi fi ń pa wọ́n níbi tí odò wà, tí igbó wà, tí òkun wà?

TísàÌtàn
Ẹ ṣeun Ìyá mi, ibi tọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an lẹ fọwọ́ bà yẹn. Ẹ jẹ́ ká padà sí 1585. Nígbà tí Richard Grenville ń kó àwọn ti Lane bọ̀, ọkọ̀ ńlá wọn tó ń jẹ́ Tiger fìdí gúnlẹ̀ lórí yanrìn létí òkun, omi wọlé, èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn bàjẹ́. Torí ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ onílẹ̀, àgbàdo wọn, ẹja wọn. Àwọn onílẹ̀ ò sì ṣahun, Wingina ọba wọn gbà wọ́n lálejò dáadáa.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n fi san án. Ife fàdákà kan sọnù, wọ́n ní ará ìlú Aquascogoc kan ló mú un, wọn ò rí ife gbà padà, ni Grenville bá ní kí wọ́n sun ìlú náà àti àgbàdo tó wà lóko wọn. Torí ife kan. Àìsàn tún tẹ̀ lé e, Thomas Harriot tó jẹ́ ọ̀mọ̀wé àárín wọn kọ ọ́ fúnra ẹ̀ pé ọ̀pọ̀ ìlú táwọn bá gbà kọjá, kò ní ju ọjọ́ díẹ̀ lọ táwọn èèyàn ibẹ̀ á fi máa kú, wọn ò sì mọ irú àìsàn tó jẹ́ torí wọn ò rí irú ẹ̀ rí. Granganimeo, arákùnrin ọba, tó fẹ́ràn àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kú. Ensenore tó jẹ́ àgbàlagbà tó máa ń gbèjà wọn náà kú. Nígbà tó fi máa di ìgbà ìrúwé 1586, Wingina ti yí orúkọ ẹ̀ padà sí Pemisapan, ó ti ṣí kúrò nítòsí wọn, kò fún wọn lóúnjẹ mọ́. Lane ní ó ń dìtẹ̀ mọ́ àwọn. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 1586 ó lọ bá a bí ẹni tó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, wọ́n yìnbọn fún un, wọ́n lé e wọ igbó, wọ́n gé orí ẹ̀ bọ̀.

Láàárín oṣù yẹn kan náà Francis Drake, ọ̀gákọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń kó Sípéènì lẹ́rù, gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ọkọ̀ púpọ̀, ìjì ńlá jà, Lane àtàwọn èèyàn ẹ̀ bá a lọ sílé. Grenville kó oúnjẹ dé lẹ́yìn wọn, kò bá ẹnì kankan, ló bá fi ọkùnrin 15 sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣọ́ ibẹ̀. Èèyàn 15, láàárín ìlú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọba wọn! Nígbà tí White dé ní oṣù keje 1587, egungun ẹnì kan ló rí nínú àwọn 15 yẹn. Ibi tí wọ́n ní kó lọ gbé ọmọ ẹ̀ sí nìyẹn.

Àgbẹ̀Alákọ̀wé
Ẹ jẹ́ kí àgbẹ̀ dá sí i o. Ẹni tó gúnlẹ̀ lóṣù keje, kí ló fẹ́ gbìn tó máa rí kórè kí òtútù tó dé? Ìyẹn nìkan kọ́. Àwọn onímọ̀ kan ka òrùka inú àwọn igi cypress tó ti gbó gan-an lágbègbè yẹn, wọ́n gbé àbájáde ẹ̀ jáde ní 1998, ó hàn níbẹ̀ pé 1587 sí 1589 ni ọ̀dá tó le jù ní 800 ọdún mú ibẹ̀. Ẹ rò ó wò, ọdún tí White kó èèyàn débẹ̀ gan-an! Àwọn onílẹ̀ fúnra wọn ń wá àgbàdo tí wọ́n máa fún ọmọ wọn jẹ. Onílé ń jẹ èso gbìngbindò, àlejò ní kí wọ́n ṣe òun lọ́wọ́ kan ẹ̀wà. Kò dìgbà téèyàn bá níkà nínú kó tó kọ̀ láti fún àlejò lóúnjẹ nírú àkókò yẹn, àlejò tó tún ti pa ọba ẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Kọ́lá_Peckham
Ó dáa, mo gbọ́ ti Lane. Àmọ́ ẹ má fo ohun tí White alára ṣe o. Wọn ò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ tí wọ́n fi pa George Howe, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ẹ̀, níbi tó ti ń dá pa akàn létí omi, ọfà 16 ni wọ́n ta sí i lára. White ní òun máa gbẹ̀san. Ó kó èèyàn lọ lóru sí ìlú Dasamongueponke, wọ́n ṣíná bolẹ̀, ẹ sì mọ ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀? Àwọn Croatoan! Ẹbí Manteo, àwọn kan ṣoṣo tó ṣì ń bá wọn ṣọ̀rẹ́. Àwọn ọ̀tá tí wọ́n ń wá ti sá lọ, àwọn ará Croatoan wá ń kó àgbàdo tí wọ́n fi sílẹ̀. Ká sọ pé Lane nìkan ló bà á jẹ́, ìyẹn ò pé.

TísàÌtàn
Òótọ́ lo sọ, kò sì ṣeé gbèjà. Wo ohun kan níbẹ̀ ṣá: White ló kọ ìyẹn náà sílẹ̀. O ní ó ń ṣe ẹlẹ́rìí ara ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fọ ara ẹ̀ mọ́ ò ní kọ ọ́ pé òun lọ ká ọ̀rẹ́ òun mọ́lé lóru. Obìnrin kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn wà níbẹ̀, ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ yẹn ni wọ́n fi mọ̀ pé obìnrin ni, tí wọn ò fi pa á. White kọ gbogbo ẹ̀.

Manteo náà wà níbẹ̀ lóru yẹn, èyí ló máa ń rú mi lójú jù. Ó ti lọ sí Ìlú Ọba lẹ́ẹ̀mejì, òun ló kọ́ Harriot ní èdè wọn, ìyá ẹ̀ lolórí àwọn Croatoan. Nígbà tó rí i pé àwọn èèyàn òun ni wọ́n ń pa, inú ẹ̀ bàjẹ́, síbẹ̀ ó ní ẹ̀bi àwọn ni torí wọn ò wá jẹ́ iṣẹ́ tí White rán sí wọn lásìkò. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ, wọ́n ṣèrìbọmi fún un, wọ́n sì fi í joyè olúwa Roanoke àti Dasamongueponke lórúkọ Raleigh. Wanchese ní tiẹ̀ ti padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn ẹ̀ láti ìgbà ti Lane, ó di ọ̀tá Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. Ọkọ̀ kan náà ló kọ́kọ́ gbé àwọn méjèèjì lọ o.

Atúkọ̀_Àpápá
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ibi tí mo mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti ọkọ̀. Roanoke kọ́ ni wọ́n ní kí White lọ o. Ìtòsí Chesapeake, ibi tí òkun ti wọ inú ilẹ̀ lápá àríwá Roanoke, ni Raleigh ní kí wọ́n tẹ̀dó sí, torí omi ibẹ̀ jìn, ọkọ̀ ńlá lè wọlé. Etí òkun Roanoke kún fún yanrìn, ọkọ̀ ńlá ò lè sún mọ́ ọn. Wọ́n kàn fẹ́ yà níbẹ̀ láti wo àwọn 15 yẹn ni. Bí White ṣe wọ ọkọ̀ kékeré láti lọ wò wọ́n báyìí, Simon Fernandes, ọmọ Pọtogí tó ń darí ọkọ̀ wọn, ní kí wọ́n pariwo sí wọn pé kí wọ́n kó gbogbo èèyàn sọ̀ síbẹ̀, pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ń lọ, òun ò gbé ẹnikẹ́ni lọ síwájú mọ́. White sì gbà.

Ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé ohun tó ń gbé ọkọ̀ rìn nígbà yẹn. Owó tó ń ti irú ìrìn àjò báyìí lẹ́yìn, inú jíjí ọkọ̀ Sípéènì ló ti ń wá. Ọbabìnrin máa ń fún wọn níwèé, wọ́n á máa dá ọkọ̀ ọ̀tá lọ́nà, wọ́n á pín ẹrù. Atukọ̀ ò gba owó oṣù gidi, ìpín ìkógun ló ń wò. Gómìnà tí ò lówó ò lè pàṣẹ fún irú wọn. Ní 1588 Grenville ti kó ọkọ̀ jọ sí Bideford láti lọ ràn wọ́n lọ́wọ́, ìjọba ní kò sí ọkọ̀ tó gbọ́dọ̀ jáde torí ogun Sípéènì ń bọ̀. Wọ́n wá fún White ní ọkọ̀ pẹ́ńpẹ́ méjì, Brave àti Roe, pẹ̀lú èèyàn 15 tó fẹ́ lọ gbé níbẹ̀. Kàkà kí wọ́n kọrí síbi tí wọ́n ń lọ, wọ́n ń lé ọkọ̀ ẹlẹ́rù kiri, títí tí Faransé tó lágbára jù wọ́n lọ fi lé àwọn náà bá. Wọ́n fi idà àti ọ̀kọ̀ ṣe White léṣe lórí, ọta ìbọn bà á ní ìdí, wọ́n kó gbogbo oúnjẹ tó yẹ kó dé Roanoke lọ. Bó ṣe padà sílé nìyẹn.

Ìyá_Ìbejì
Háà. Pẹ̀lú ọgbẹ́ lórí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ó sá, ṣé ẹ ń gbọ́?

Tísà, ẹ wá sọ ti 1590 tó padà débẹ̀ fún wa.

TísàÌtàn
Ní oṣù kẹta 1590 ó rí ọkọ̀ bá lọ, ti oníṣòwò London kan tó ń jẹ́ John Watts, iṣẹ́ jíjí ọkọ̀ Sípéènì náà ni wọ́n ń bá lọ. Wọn ò jẹ́ kó mú ẹnì kankan dání, kódà ọmọdé kan tó máa bá a gbé báàgì wọn ò gbà. Wọ́n lo oṣù bíi mélòó kan ní Karíbíánì wọ́n ń wá ìkógun, ó di àárín oṣù kẹjọ kí wọ́n tó dé etí òkun Roanoke. Wọ́n rí èéfín tó ń rú níbẹ̀, inú White dùn, ó ní àwọn èèyàn òun ló ń dáná. Nígbà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ kékeré wọlé, ìgbì òkun dojú ọ̀kan dé, ọ̀gákọ̀ Edward Spicer àtàwọn mẹ́fà kú sómi. Àwọn atukọ̀ ní àwọn ò lọ mọ́. Wọ́n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbà.

Ilẹ̀ ṣú kí wọ́n tó débẹ̀. Wọ́n rí iná láàárín igbó, wọ́n dúró sórí omi lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n fun kàkàkí, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn orin tí wọ́n máa ń kọ nílé, orin Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ ìlú á gbọ́ á sì dá mọ̀, wọ́n ń pè wọ́n. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, koríko àti igi tó ti jẹrà ló ń jóná. Ọjọ́ yẹn jẹ́ ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ, Virginia pé ọdún mẹ́ta géérégé.

Wọ́n gbẹ́ CRO sára igi kan, wọ́n wá gbẹ́ CROATOAN sára òpó ẹnu ọ̀nà ìlú. Kí White tó lọ ní 1587 wọ́n ti jọ ṣàdéhùn pé tí wọ́n bá ṣí lọ kí wọ́n gbẹ́ orúkọ ibi tí wọ́n lọ, tó bá sì jẹ́ pé ìyà ló lé wọn, kí wọ́n fi àmì àgbélébùú sí i. Kò sí àgbélébùú. Wọ́n ti tú ilé palẹ̀, wọ́n sì ti fi igi ńlá mọ odi yí ibẹ̀ ká. Àpótí ẹ̀ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún un, ẹnì kan ti hú u jáde, ìwé ẹ̀ ti ya, òjò ti ba àwòrán àti máàpù ẹ̀ jẹ́, ìpata ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ̀wù irin ẹ̀ tán. Ó ní síbẹ̀ inú òun dùn torí Croatoan ni ìlú Manteo, òun sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n wà.

Ọmọ_Yunifásítì
Tó bá mọ̀ pé Croatoan ni wọ́n lọ, kí ló wá dé tí ò lọ síbẹ̀? Ibi tí wọ́n gbẹ́ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ gàdàgbà!

AdéNíRaleigh
Àbúrò, ìlú Raleigh ní North Carolina ni mò ń gbé, Walter Raleigh yẹn ni wọ́n fi sọ ìlú wa, torí ẹ̀ jẹ́ n dáhùn. Croatoan ni wọ́n ń pè ní Hatteras báyìí, àwọn erékùṣù yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níwájú òkun. Kò jìnnà sí Roanoke rárá. Wọ́n ti gbà láti lọ lọ́jọ́ kejì, ni okùn ìdákọ̀ró bá já, wọ́n pàdánù ìdákọ̀ró, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo, ìjì ń bọ̀, oúnjẹ àti omi ń tán. Wọ́n ní àwọn máa lọ lo ìgbà òtútù ní Karíbíánì káwọn tó padà wá, atẹ́gùn tún yí, ó gbá wọn lọ sí Azores, àwọn erékùṣù tó wà láàárín òkun Àtìláńtíìkì. Ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá 1590 White ti wà ní Plymouth. Kò débẹ̀ mọ́ títí láé.

Tẹ́ ẹ bá wa mọ́tò láti ọ̀dọ̀ wa, ó lé ní wákàtí mẹ́ta díẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé Roanoke. Ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ ń jẹ́ Dare. Ìlú kan lórí erékùṣù yẹn ń jẹ́ Manteo, ìkejì ń jẹ́ Wanchese. Ní 1709 John Lawson kọ ọ́ pé àwọn ará Hatteras sọ fóun pé nínú àwọn baba ńlá àwọn, àwọn kan jẹ́ òyìnbó tó mọ̀wé kà, ó sì ní òun rí àwọn kan tí ẹyinjú wọn ní àwọ̀ eérú, irú èyí tí kò sí lára àwọn onílẹ̀ tó kù. Wọ́n ti hú ohun èlò Gẹ̀ẹ́sì jáde ní Hatteras. Wọ́n tún hú àfọ́kù ìkòkò Gẹ̀ẹ́sì jáde ní Bertie, ìyẹn wà nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Lójú tèmi ńṣe ni wọ́n pín sí méjì, àwọn kan bá Manteo lọ, àwọn kan wọ inú ilẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ara wọn títí wọ́n fi di ọmọ ibẹ̀.

Ọmọ_Yunifásítì
Ìyá_Ìbejì ní òun ò gbọ́ ohùn Eleanor. Mo kà á níbì kan pé wọ́n rí òkúta tó kọ̀wé sí?

TísàÌtàn
Ṣọ́ra fún ìyẹn o. Ẹnì kan gbé òkúta kan jáde ní 1937 tí wọ́n ní Eleanor kọ sí, wọ́n wá ṣèlérí owó fún ẹni tó bá rí òmíràn, kíá ni òkúta tó lé ní 40 jáde. Ní 1941 akọ̀ròyìn kan tú wọn fó, ayédèrú ni wọ́n. Ti àkọ́kọ́ nìkan ni àwọn kan ṣì ń jà lé lórí. Kò yẹ kẹ́nikẹ́ni máa fi irọ́ sí ẹnu obìnrin yẹn.

Ayàwòrán_Òṣogbo
Gbogbo yín ń sọ White gómìnà, ẹ ò sọ White ayàwòrán, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ọkùnrin náà. Àwọn àwòrán ẹ̀ wà ní British Museum, ọ̀dà olómi ló fi yà wọ́n. Ó ya ọ̀pẹ̀yìnbó, ó ya ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ya alábahun òkun, ó ya ìlú Secotan pẹ̀lú àgbàdo lóríṣiríṣi ìpele, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, èyí tó ti ga, èyí tó ti gbó. Ó ya báwọn èèyàn ṣe ń pẹja nínú ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́. Èyí tó máa ń dá mi dúró ni ìyàwó olórí ìlú Pomeiooc kan pẹ̀lú ọmọ ẹ̀, ọmọ yẹn di bèbí kan mú tí wọ́n wọ aṣọ àwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì sí lọ́rùn, ojú ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ya ìyẹn ò kórìíra àwọn èèyàn yẹn. Theodore de Bry wá gbẹ́ àwòrán wọ̀nyẹn sára bàbà ní 1590 ní Frankfurt, ó tẹ̀ wọ́n ní èdè mẹ́rin, àmọ́ ó sọ ojú wọn di ti òyìnbó. Ti White fúnra ẹ̀ lẹ máa wò.

Nǹkan kan tún wà. Máàpù ẹ̀ kan ní ibi tó lẹ bébà mọ́. Ní 2012 wọ́n tan iná láti abẹ́ ẹ̀, wọ́n rí àmì odi ìlú lábẹ́ bébà yẹn, ní igun kan nínú ilẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50 máìlì yẹn sí Roanoke. Ibẹ̀ làwọn tó ń wú ilẹ̀ ti kọrí sí Bertie tí ẹ̀gbọ́n Adé sọ.

AdéNíRaleigh
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jẹ́ n fi nǹkan kan kún un kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí Drake yà sí Roanoke ní 1586, ó ń bọ̀ láti ibi tó ti kó Santo Domingo àti Cartagena lẹ́rù, ó sì ti kó adúláwọ̀ púpọ̀ tó jẹ́ ẹrú lọ́wọ́ Sípéènì sínú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ibi tí wọ́n já wọn sí. Àwọn èèyàn ń wá ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó lé ní 110 láti 400 ọdún sẹ́yìn, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń ṣe eré nípa wọn ní Manteo láti 1937, kò sẹ́ni tó ń wá àwọn tiwa yẹn. Ìyẹn ká mi lára gan-an. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí sójà ìjọba àpapọ̀ gba Roanoke ní 1862, àwọn adúláwọ̀ tó sá fún oko ẹrú lọ tẹ̀dó síbẹ̀, wọ́n lé ní 3,000, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́. Ní 1867 ìjọba tú wọn ká, wọ́n dá ilẹ̀ padà fáwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀. Erékùṣù kan náà ni o. Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn tẹ́ ẹ bá ń sọ ti àwọn tó sọnù ní Roanoke.

Ìyá_Ìbejì
Olúwa á ṣàánú wọn. White wá ńkọ́, ibo ló parí ayé ẹ̀ sí?

TísàÌtàn
Áyálándì ni Ìyá mi. Ohun tó gbẹ̀yìn tó wà lọ́wọ́ wa ni lẹ́tà tó kọ sí Richard Hakluyt, òǹkọ̀wé tó ń kó ìtàn ìrìn àjò àwọn Gẹ̀ẹ́sì jọ, ní ọjọ́ 4 oṣù kejì 1593 láti Newtown ní Kylmore. Ó sọ gbogbo ti 1590 níbẹ̀, ó ní ì bá wu òun kí owó òun tó ìfẹ́ ọkàn òun, ó wá fi àwọn èèyàn tó wà ní Virginia, orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe gbogbo agbègbè yẹn nígbà náà, lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ìwé kan ò sọ̀rọ̀ ẹ̀ dájú mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Kọ́lá_Peckham
Ó dùn mí láti kà ìyẹn o. Àmọ́ ìbéèrè mi kan ṣì wà tẹ́nikẹ́ni ò dáhùn. Ọkọ̀ tó gbé White padà ní 1587, kí ló dé tí ò fi Eleanor àti ọmọ yẹn sínú ẹ̀? Ọmọ tiẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó máa bi í.

Atúkọ̀_Àpápá
Kọ́lá, ọkọ̀ wo? Bí wọ́n ṣe ń fa ìdákọ̀ró sókè lọ́jọ́ yẹn, igi tí wọ́n fi ń yí okùn já, ó gbá èèyàn 12 lulẹ̀, àwọn kan ò dìde dáadáa mọ́ títí wọ́n fi délé. Ọkọ̀ tí White wọ̀, èèyàn 15 ni atukọ̀ ẹ̀, márùn-ún péré ló lè ṣiṣẹ́. Fernandes ya lọ wá ìkógun ní Azores. Ìjì gbé ọkọ̀ White kiri, omi mímu tán, omi tó ń rùn àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bíà ni wọ́n ń mu, èèyàn kú níbẹ̀, àárín oṣù kẹwàá ni wọ́n ṣèèṣì já sí Smerwick ní Áyálándì, ibi tí wọn ò tiẹ̀ mọ̀. Ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú ọkọ̀ yẹn?

Kọ́lá_Peckham
Ó dáa bọ̀dá mi, lórí ti ọmọ mo gbà fún yín, kò bá ti yè é. Lórí Fernandes mi ò gbà. Òṣù kan àti ọ̀sẹ̀ kan ni ọkùnrin yẹn fi wà létí òkun yẹn lẹ́yìn tó ti ní àkókò ti lọ, tí ò lè gbé wọn dé Chesapeake. Gómìnà ni White, ìwé Raleigh wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọjọ́ yẹn ló yẹ kó ti bá a jà.